Rírán Ṣáájú, Pílíìtì Tẹ̀lé e: Bí Ilé Aṣọ Issey Miyake Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Adó-Èkìtì, bí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé bá máa ní pílíìtì, ètò tó wà nílẹ̀ kò ṣòro. Télọ̀ á wọn ìdí ọmọ náà, á gé aṣọ, á ṣẹ́ ẹ létí-létí, á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kó tó wá rán bándì mọ́ ọn lókè. Pílíìtì ló ń ṣáájú rírán. Ilé aṣọ Issey Miyake ní Tokyo, lórílẹ̀-èdè Jàpáàn, yí ètò yìí sódì, àrà tí wọ́n sì tibẹ̀ dá ni ayé fi mọ̀ wọ́n jù.

Ọdún 1970 ni Miyake dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Hiroshima ni wọ́n ti bí i ní 1938, ọmọ ọdún méje sì ni nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì balẹ̀ sí ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba, torí kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di orúkọ mọ́ òun lára. Ní 1965 ó lọ sí Paris, ó ṣiṣẹ́ ní ilé aṣọ Guy Laroche àti ti Givenchy, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ olówó gọbọi fún ìwọ̀nba àwọn obìnrin díẹ̀. Rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tó gba ìgboro Paris kan lóṣù karùn-ún 1968 ló yí i lérò padà. Ó ní aṣọ tí tolówó tálákà lè wọ̀, bíi jíìnsì àti tíṣẹ́ẹ̀tì, lòun fẹ́ máa ṣe. (Iye tí wọ́n ń ta aṣọ rẹ̀ lónìí ò jọ ti tálákà o.)

Télọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gé aṣọ sí wẹ́wẹ́, á fi dáàtì (ìṣẹ́po kékeré tí wọ́n ń rán pa) fún un níhìn-ín lọ́hùn-ún, kó lè lẹ̀ mọ́ ara bó ṣe rí. Miyake ò bẹ̀rẹ̀ látorí ara rárá. Odindi abala aṣọ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á sì fi àyè sílẹ̀ láàárín aṣọ àti awọ. Àwọn oníròyìn Paris pè é ní ọ̀tun. Ẹni tó bá mọ kíjìpá, táwọn obìnrin Èkìtì ń hun láyé àtijọ́ lórí òfì tó nàró, ò ní ya ẹnu tó bẹ́ẹ̀: wọ́n á rán abala fífẹ̀ mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìró, kò sí àjákù kankan nílẹ̀. Bákan náà, agbádá kì í fún mọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Ní 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀rọ̀ pílíìtì wò. Wọ́n á gé aṣọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ kó dà, wọ́n á sì rán an parí, tapá tọrùn, tó fi dà bí aṣọ òmìrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi bébà bò ó lókè nísàlẹ̀, wọ́n á tì í bọ ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ ẹ tó sì ń fi ooru tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó bá jáde níbẹ̀ ti sún kì dé ìwọ̀n èèyàn, àmọ́ ó ṣì ń nà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá nà. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fáwọn oníjó Ballet Frankfurt, ẹgbẹ́ oníjó kan ní Jámánì, ní 1991, kí wọ́n tó gbé aṣọ onípílíìtì tí wọ́n pè ní Pleats Please jáde fún ọjà ní 1993.

Ohun tó ń di pílíìtì náà mú ni pọlíẹ́sítà. Ike ni, epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ooru bá mú un dáadáa, fọ́nrán rẹ̀ á rọ̀. Bó bá tutù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló máa wà. Omi tí a fi ń fọṣọ kò gbóná débi tó máa tú u. Òwú ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀: omi lásán ti tó láti tú u, ìdí nìyẹn tí síkẹ́ẹ̀tì òwú fi ń wá áyọ́ọ̀nù ní gbogbo ìgbà. Ti Miyake kò fẹ́ áyọ́ọ̀nù rárá. Kódà, bí oníbàárà bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá òun gé etí rẹ̀, kí télọ̀ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, torí ooru tó dá pílíìtì náà lè pa á rẹ́.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà lè fi apá bùbá pọlíẹ́sítà gbìyànjú rẹ̀. Á ṣẹ́ bébà líle méjì lọ́nà kan náà, á fi aṣọ sáàárín wọn, á dì í pinpin, á sì gbé e sórí ooru omi gbígbóná. Kó má tú u àfi tó bá tutù tán. Ibi tí ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyẹn.

Ní 1998, Miyake àti Dai Fujiwara, ayàwòrán aṣọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tún gbé A-POC jáde (ìkékúrú “A Piece of Cloth”, ìyẹn abala aṣọ kan). Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń hun aṣọ gbọọrọ, tí ìlà ẹ̀wù, síkẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó rà á ló máa mú sísọ́ọ̀sì, tó máa pinnu bóyá apá á gùn tàbí á kúrú. Wọ́n hun ún débi pé etí tí wọ́n bá gé kì í tú, kò sì sí ibi tí abẹ́rẹ́ máa kàn.