Bí wọ́n ṣe ń ka lísìtì pépà dókítà tó ń ṣèwádìí ìfun àti àtọ̀gbẹ

Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ dókítà kan tó ń ṣèwádìí ìfun, ẹ̀dọ̀ tàbí àtọ̀gbẹ sórí PubMed, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá pépà ìwádìí ìṣègùn, lísìtì gbọọrọ ló máa jáde, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn á sì kọ́kọ́ lọ síbi iye pépà, ọgọ́rùn-ún ni àbí igba. Iye yẹn gan-an ni ò sọ nǹkan púpọ̀.

PubMed ò tẹ pépà o, ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, àtòjọ ló ń ṣe. Jọ́nà ló ń tẹ pépà, irú Gut tàbí Diabetes Care. Dókítà á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹdítọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá rí nǹkan gidi níbẹ̀ á gbé e fáwọn onímọ̀ bíi méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tú u palẹ̀, àwọn yẹn lè ní kó lọ tún un ṣe, wọ́n sì lè ní kó máa gbé e lọ, oṣù á kàn máa gorí oṣù.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni bí orúkọ ṣe tò. Nínú ìṣègùn, ẹni tó forí ṣe fọrùn ṣe lórí iṣẹ́ náà lorúkọ ẹ̀ sábà máa ń ṣíwájú, ọ̀gá tó ni lábù ló máa ń gbẹ̀yìn. Àwọn tàárín ńkọ́? Òmíì ṣiṣẹ́ gan-an, òmíì kàn jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn ẹ̀ ni. Ẹ wo GLP-1, họ́mọ́ònù tí ìfun máa ń tú jáde téèyàn bá jẹun tán, tó ń sọ fún pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, pé kó tú inúsúlìnì tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù síta. Òun ni Ozempic, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, ń sín jẹ. Lọ́dún 1987 pépà kan jáde nínú Journal of Clinical Investigation, orúkọ mẹ́ta péré ló wà lórí ẹ̀: Svetlana Mojsov ló ṣíwájú, Gordon Weir tẹ̀ lé e, Joel Habener ló gbẹ̀yìn. Wọ́n gbìyànjú GLP-1 lórí pancreas eku, ìwọ̀nba bíńtín ẹ̀ sì ti tó kí inúsúlìnì máa tú jáde. Kẹ́mísìtì ni Mojsov, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀bùn, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń dárúkọ, ó sì ní láti jà kí wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ sórí patent, ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ni àwárí. Ọdún 2024 ni òun, Habener àti Lotte Bjerre Knudsen jọ gba Lasker, ẹ̀bùn ìwádìí ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹ̀ ti wà níwájú pépà yẹn látọjọ́ yìí, ẹni tó bá ṣí i á rí i.

Irú pépà náà tún ṣe pàtàkì. Review máa ń kó iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì jọ ni, èèyàn sì máa ń tọ́ka sí i púpọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí h-index àwọn kan ga. H-index yìí, Jorge Hirsch ló gbé e jáde lọ́dún 2005: tó bá jẹ́ 20, ó túmọ̀ sí pé pépà 20 ni wọ́n ti tọ́ka sí ó kéré tán ìgbà 20 níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kúkurú téèyàn kọ sí jọ́nà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí, àmọ́ lẹ́tà ni Robin Warren àti Barry Marshall kọ́kọ́ kọ sí The Lancet lọ́dún 1983 nípa bakitéríà inú ikùn tó wá di ìdí ọ̀pọ̀ ulcer, wọ́n sì gba Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2005.

Wàhálà tiwa ni orúkọ. Lórí lísìtì yẹn, orúkọ ìdílé àti lẹ́tà kan tàbí méjì ló sábà máa ń hàn, àmì ohùn ò sí níbẹ̀, torí náà Adeyemi A lè jẹ́ onímọ̀ ìfun, ó sì lè jẹ́ dókítà eyín, obìnrin tó bá sì yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, iṣẹ́ ẹ̀ á pín sí méjì. Ìdí nìyẹn tí ORCID fi dé lọ́dún 2012, nọ́ńbà onídíjíìtì 16 tó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri.

Ẹ tún wá ibi tí wọ́n bá kọ Retracted sí. Pépà tí jọ́nà bá fà padà kì í kúrò lórí PubMed, àkọlé yẹn ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ nínú CV tí dókítà fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀, ó lè máà sí níbẹ̀.