Bíbọwọ́ lu Ìwé Àdéhùn Kò Tíì Di Lílọ sí Ogun

Nígbàkigbà tí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ mulẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn, ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà mi máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi ní Òkè-Ìlewó, l'Abẹ́òkúta: ṣebí wọ́n ti bọwọ́ lùwé, kí ló dé tí ọ̀kan fi ń fà sẹ́yìn? Lójú wọn, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn gba onídùúró ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù Ìṣàbọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹlẹ́jọ́ bá sá lọ, onídùúró ni yóò forí fá a, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Àdéhùn ìgbèjà láàárín orílẹ̀-èdè kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ló sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo abala 5 nínú àdéhùn NATO, ẹgbẹ́ ìgbèjà tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ wà, tí wọ́n bọwọ́ lù ní Washington ní oṣù kẹrin ọdún 1949. Ó ní ìkọlù sí ọ̀kan jẹ́ ìkọlù sí gbogbo wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìwé náà dé. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé olúkúlùkù yóò gbé ìgbésẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bá rí i pé ó yẹ, tí lílo ohun ìjà sì lè wà lára rẹ̀. Abala 11 tún fi kún un pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò mú àdéhùn náà ṣẹ gẹ́gẹ́ bí òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Ẹni tó bá fi oògùn àti owó ránṣẹ́ dípò ọmọ ogun lè sọ pé òun kò yẹ àdéhùn, yóò sì rí ẹsẹ̀ òfin dúró lé.

Ohun mìíràn ni ta ló kọ́kọ́ gbé ìjà. Láti ọdún 1882 ni Ítálì ti wà nínú àdéhùn pẹ̀lú Jámánì àti Ọ́sítríà, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dé ní ọdún 1914, Ítálì ní Ọ́sítríà ló lọ gbógun ti Sábíà, àti pé àdéhùn ìgbèjà kì í ṣe àdéhùn ìkọlù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1915, Ọ́sítríà gan-an ni Ítálì dojú ogun kọ.

Bí ìwé tilẹ̀ gbà á láàyè, àwọn aṣòfin lè má gbà. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2003, ìjọba Tọ́kì, tí òun àti Amẹ́ríkà jọ wà nínú NATO, ní kí ilé aṣòfin jẹ́ kí nǹkan bí 62,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn wọ Ìráàkì. Àwọn 264 fọwọ́ sí i, 250 lòdì sí i, 19 kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ ó ní àwọn tó fọwọ́ sí i ló borí, rárá o. Òfin wọn ní ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó jókòó, 533 ló jókòó, ìbò 3 ló sì kù kí ó pé 267. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé àbá náà wá ló ní èrò jù nínú ilé náà.

Níhìn-ín ní Nàìjíríà, apá 5(4) nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé Ààrẹ kò lè kéde ogun láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì lè rán ọmọ ogun lọ jà ní òkèèrè láìjẹ́ pé Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà yọ̀ǹda. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023 ní Niger, àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Ààrẹ Tinubu ń ṣe alága wọn nígbà náà, pàdé ní Àbújá, wọ́n sì fún àwọn ológun náà ní gbèdéke ọ̀sẹ̀ kan láti dá ìjọba padà fún ààrẹ tí wọ́n lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo agbára ogun. Gbèdéke náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí lẹ́tà Ààrẹ tó dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà, àwọn yẹn sì ní kí ó wá ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ogun. Èmi ò bá wọn wí. Ìpínlẹ̀ 7 ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, ta ni aṣòfin tí yóò lọ sọ fún àwọn tó dìbò fún un níbẹ̀ pé ogun ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé wọn? Málì àti Burkina Faso sì ti kéde pé ẹni tó bá gbógun ti Niger gbógun ti àwọn náà.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún Ẹ̀gbá láti lóye. Ní ọdún 1860 ni àwọn baba wa gbéra lọ gbè Ìjàyè lẹ́yìn nígbà tí Ìbàdàn gbógun tì í. Ìjàyè wó ní ọdún 1862, síbẹ̀ ogun náà kò tán fún Ẹ̀gbá. Ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ó sì di ọdún 1865 kí ó tó rọlẹ̀.

Àṣìṣe tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Niger ni pé wọ́n ti dá ọjọ́ ogun kí wọ́n tó bi àwọn tí òfin ní kí wọ́n bi. Àwọn kan ń tọ́ka sí apá 5(5), tó gba Ààrẹ láàyè láti kọ́kọ́ rán ọmọ ogun díẹ̀ lọ, lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ìgbèjà Orílẹ̀-èdè (National Defence Council), bí ó bá dá a lójú pé ewu rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ààbò Nàìjíríà. Yóò wá tọrọ ìyọ̀ǹda láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣòfin àgbà yóò sì dáhùn láàárín ọjọ́ 14. Lójú tèmi, ìdìtẹ̀gbàjọba tó ṣẹlẹ̀ ní Niamey kò tíì tó irú ewu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kò sọ bí ewu ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ tó, Ààrẹ tó ń bọ̀ lọ́la sì lè kà á lọ́nà mìíràn.