Bí Ọgbà Ìgbafẹ́ Ṣe Ń Di Ìwọ̀fà

Ilé-iṣẹ́ bíà ńlá kan wà ní Ṣágámù, ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i. AB InBev ló ni ín, àwọn náà ló ni Budweiser. Ìtàn àwọn olówó wọ̀nyí ló yá jù láti fi yé ará Rẹ́mọ ohun tí ojú ọgbà ìgbafẹ́ máa ń rí bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbé òmíràn mì.

Ní 1959, Anheuser-Busch tó ń pọn Budweiser ní Amẹ́ríkà ṣí ọgbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìpọntí rẹ̀ ní Tampa, wọ́n pè é ní Busch Gardens. Èèyàn á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, á wo ẹyẹ, á mu bíà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ń gba owó ìwọlé, àmọ́ ife bíà ọ̀fẹ́ ṣì ń bẹ.

Ní 2008, InBev, ilé-iṣẹ́ bíà láti Belgium, ra Anheuser-Busch ní bíliọ̀nù 52 dọ́là, àwọn méjèèjì sì di AB InBev. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n á ní, "Olówó ti rà á, owó dé nìyẹn." Owó kọ́ ló dé, gbèsè ni. InBev lọ yá nǹkan bíi bíliọ̀nù 45 nínú owó náà ni. Àwọn tó ta ìpín ìdókòwò wọn gbowó, wọ́n bá tiwọn lọ. Gbèsè wá jókòó ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n rà.

Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú mọ ètò yìí: ìwọ̀fà ni. Bàbá tó fẹ́ ṣòkú á yáwó, á fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ní kùtùkùtù, ọmọ náà á gbé ọkọ́, á máa kọbè lóko olówó kí oòrùn tó mú. Èlé lásán ni iṣẹ́ yẹn. Bó kọ ẹgbẹ̀rún ebè, kọ́bọ̀ kan ò kúrò nínú owó tí bàbá yá, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ka owó náà. Oko tirẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tí apá ti ń ro ó ló tó ń débẹ̀, koríko á sì ti bo iṣu.

Koríko yẹn ni àlejò ń rí nínú ọgbà tí gbèsè gùn lẹ́yìn. Ọ̀dà ara irin á máa ṣí. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ mẹ́ta tó yẹ kó máa gbé èèyàn sáré lórí irin á di méjì, àwọn ọmọdé á wá tò sínú oòrùn fún wákàtí kan gbáko. Tíkẹ́ẹ̀tì á gbówó lérí. Owó tó yẹ kó tún nǹkan ṣe ti bá èlé lọ.

Wọ́n tún lè mú ìwọ̀fà kúrò lọ́dọ̀ olówó kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Kí 2009 tó parí, ife bíà ọ̀fẹ́ ti tán ní Tampa, InBev sì ti ta ọgbà náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún Blackstone, ní owó tó lè tó bíliọ̀nù 2.7 dọ́là, kó lè rí nǹkan fi dín gbèsè. Iṣẹ́ Blackstone ni kó fi owó yíyá ra ilé-iṣẹ́, kó sì tún un tà. Ìjọba ti fòfin de fífi èèyàn ṣe ìwọ̀fà tipẹ́. Ó yẹ kí òfin wà fún ti ilé-iṣẹ́ náà: ẹni tó yáwó ni kó kọbè.

Kì í ṣe gbogbo olùrà ló ń pa oko run o. Comcast, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, gba àkóso Universal tó ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ní 2011, ó ń kọ́lé lé ilé, ó sì ṣí ọgbà tuntun, Epic Universe, ní Orlando ní May 2025. Owó íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníbàárà ń san lóṣooṣù ti ń bọ́ Comcast, kò dìgbà tí ọgbà bá bọ́ ọ.

Èyí tó dunni jù ni ti ilẹ̀. Six Flags àti Cedar Fair, ilé-iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà, di ọ̀kan ní July 2024, pẹ̀lú gbèsè rẹpẹtẹ. Ní November 2025, wọ́n ti Six Flags America, ọgbà wọn kan ní Maryland, pa, wọ́n sì gbé ilẹ̀ rẹ̀ tó tó bíi éékà 500 sọ́jà. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń pín oko sí púlọ́ọ̀tì lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ṣágámù mọ bó ṣe ń rí: ẹni tó wá wọn ilẹ̀ kì í béèrè bí iṣu ṣe ta.