Ta ló ní Kìrìsìtẹ́nì kì í bínú?

Ọ̀rọ̀ kan wà táwa ará ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ títí tó fi fẹ́ẹ̀ di òfin, pé ẹni tó bá ti di àtúnbí kì í bínú mọ́, tí inú bá wá bí ẹ pẹ́nrẹ́n wọ́n á ní ẹ̀mí ìbínú ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu, kó o wá gba ìtúsílẹ̀. Níbo ló wà nínú Bíbélì? Éfésù 4:26 ní "Ẹ bínú, ẹ má sì ṣe ṣẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú yín." Jésù gan-an bínú. Nínú Máàkù 3, ọkùnrin kan tí ọwọ́ ẹ̀ rọ wà nínú sínágọ́gù, àwọn Farisí kàn ń ṣọ́ Jésù bóyá á wò ó sàn lọ́jọ́ Sábáàtì kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀, ló bá fi ìbínú wò wọ́n yíká, ó ní kí ọkùnrin yẹn na ọwọ́ ẹ̀, ọwọ́ sì dá ṣáṣá.

Ṣùgbọ́n torí a ò fẹ́ káyé sọ pé a ò tíì di àtúnbí, a á gbé e mì. Wọ́n á ṣẹ sístà kan nínú kúáyà, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tó bá wá di àìsùn ẹ máa gbọ́ àdúrà: iná, iná, ọ̀tá mi, kú! Ọ̀tá wo? Sístà tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà ni o.

Ẹ ka 2 Sámúẹ́lì 13. Ámínónì fipá bá Támárì lò, Dáfídì baba wọn gbọ́, ó bínú gidigidi, a ò sì kà á pé ó ṣe nǹkan kan sí i. Ábúsálómù, ẹ̀gbọ́n Támárì, ò bá Ámínónì sọ rere, kò bá a sọ búburú. Inú tó bí i yẹn tọ́ o, ta ni ò ní bínú? Ọdún méjì gbáko ló fi yodì, ó wá se àsè níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ó pe Ámínónì síbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pa á.

Léfítíkù 19:17 ti ní ká má kórìíra arákùnrin wa lọ́kàn, ká bá a wí ni. Mátíù 18:15 náà ní kó o lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan, kì í ṣe lórí status WhatsApp. Ẹ jẹ́ kára kọ́kọ́ rọ̀ ná o, torí Jákọ́bù ní ká lọ́ra láti fọhùn, ká lọ́ra láti bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo mọ́ gbogbo ayé, tẹ́ ẹ á ní "bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn", mi ò tì yín lẹ́yìn o, ìbínú tí Mósè fi lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì ni ò jẹ́ kó dé Kénáánì.

Tó bá sì jẹ́ ọkọ tó ń lu ìyàwó ẹ̀ ni, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjì péré, kí obìnrin yẹn kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná, kó sọ fún ẹni tó lè gbà á sílẹ̀.