Kí ẹ tó béèrè họ́ọ̀sì páwà katakata, ẹ béèrè kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ná

Tí èèyàn bá fẹ́ ra katakata tó máa fi gé koríko, tó máa fi dì í, tó tún máa fi túlẹ̀ nígbà òjò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn ń bi ẹni tó ń tà á ni pé họ́ọ̀sì páwà mélòó ni. Ìbéèrè yẹn ò burú o, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, ó sì ti sọ owó ọ̀pọ̀ èèyàn di owó àsọnù, torí katakata 75 lè wà tí ò ní lè di koríko dáadáa, kí 45 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa dì í lọ wẹ́rẹ́. Abẹ́ ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà lọ̀rọ̀ wà, níbi kílọ́ọ̀ṣì, pẹ́dà tí wọ́n ń tẹ̀ láti já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára gíà.

Láti Kuje dé Gwagwalada dé Kwali, gbogbo Yorùbá tó ń sin àgbò tàbí màlúù lágbègbè Abuja ló mọ bó ṣe máa ń rí láti oṣù kejìlá lọ sí oṣù kẹta. Koríko á ti gbẹ, iná á ti jó èyí tó kù nínú igbó, harawa (ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà tí wọ́n ti kórè) á wá di ohun tí wọ́n ń fi owó gidi rà. Ẹni tó bá ti di koríko tiẹ̀ pamọ́ kí ọyẹ́ tó dé ló lọkàn balẹ̀. Gígé koríko, títú u ká sínú oòrùn, wíwa á jọ sí ìlà gbọọrọ, ìyẹn ò gba agbára tó bẹ́ẹ̀, katakata 40 máa ṣe é, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bélà, ẹ̀rọ tó ń di koríko ní ìdì onígun mẹ́rin, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ná. 75 tí wọ́n kọ sára bónẹ́ẹ̀tì, agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ni. Lẹ́yìn katakata, irin kan wà tó yọ jáde tó ń yí, PTO ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n ń so bélà mọ́. Nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ́ńjìnnì ló ń débẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì àti pọ́ọ̀m̀pù ti jẹ ìyókù, kí 75 di bíi 64 nìyẹn. Èyí tó wá ń dé ibi tí wọ́n fi ń fa púláù, irin tí wọ́n fi ń túlẹ̀, tún kéré sí i, pàápàá lórí ilẹ̀ tó rọ̀. Àmọ́ bélà kékeré yẹn, 35 lórí PTO ti tó fún un lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Họ́ọ̀sì páwà tó lé lórí ìyẹn, púláù lẹ rà á fún. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, púláù onídíìsìkì mẹ́ta lórí ilẹ̀ olókùúta bíi ti Kuje fẹ́ bíi 70 sí 75 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí koríko ni.

Bí bélà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. PTO ń yí ní ìgbà 540 nínú ìṣẹ́jú kan, ó ń yí àgbá irin ńlá kan tó wúwo, àgbá yẹn ló ń ti pákó irin kan síwá sẹ́yìn nínú bélà bíi ìgbà 80 sí 100 nínú ìṣẹ́jú kan. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ síwájú ló ń ki koríko díẹ̀ mọ́ra, tí ìdì bá ti gùn tó, abẹ́rẹ́ á gbé okùn kọjá, ẹ̀rọ á ta kókó fúnra rẹ̀, ìdì tó wọn kìlógíráàmù 15 sí 25 á já bọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì rí ibi tí irin ti ń ta kókó okùn rí, ẹ lọ wò ó, iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Àmọ́ koríko inú oko kì í dọ́gba. Gámbà, koríko gíga inú igbó yẹn, lè fẹ́lẹ́ níbi tí ilẹ̀ ti le, kó wá ga ju èèyàn lọ níbi tí omi máa ń dúró sí, ìyẹn ni pé ìlà tí wọ́n wa jọ á tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan, á sì wú bí òkìtì níbòmíì. Dírẹ́bà ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó kan òkìtì yẹn, bélà gbé e lẹ́nu, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni pé kí katakata dúró, kí bélà má sì dúró.

Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá kan gbé báàfù ata wá, tàtàṣé, rodo, àlùbọ́sà, ó dà á sí i lẹ́nu, ọmọkùnrin tó ń lọ̀ ọ́ wá ń fi igi tì í. Tó bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń kérora, kò ní pa á, igi ló máa gbé sókè. Á jẹ́ kí òkúta lọ èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ tán, omi díẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa tún tì í. Ká ní ó pa ẹ́ńjìnnì pẹ́nrẹ́n, ata á ki mọ́ àárín òkúta, yóò di pé kó tú nọ́ọ̀tì, kó fọwọ́ họ ata jáde, ìyá á máa sọ pé ata òun ò kúnná, ẹni tó gbé ẹ̀wà àkàrà wá á máa pariwo pé kí ata má kan ẹ̀wà òun, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn á máa kùn, gbogbo ẹ̀ torí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ọmọ yẹn mọ̀ pé títi ata síwájú yàtọ̀ sí yíyí òkúta, àti pé èèyàn gbọ́dọ̀ lè dá ọ̀kan dúró láì dá èkejì dúró.

Katakata tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Tí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́, táyà dúró, PTO náà ò gba agbára mọ́, pákó irin dúró sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú koríko lẹ́nu. Ó lè yọ gíà kó tó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ nígbà yẹn koríko ti há sí bélà lẹ́nu. Tí kò bá yọ gíà, bélà àti táyà á jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, katakata á tún fa bélà wọ inú òkìtì yẹn lọ, bóòtù tí wọ́n dìídì ṣe kó máa ṣẹ́ kí nǹkan ńlá má bàa bà jẹ́ á ṣẹ́. Wọ́n á pa gbogbo ẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa fa koríko jáde nínú oòrùn ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tó ní ìpele méjì ni iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, gíàbọ́ọ̀sì yọ, táyà dúró, PTO ń yí lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, PTO náà dúró. Ẹsẹ̀ kan náà, pẹ́dà kan náà, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, kò sí wáyà, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Irú kẹta wà tí PTO ní kílọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ lọ́tọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, ìyẹn tún dáa jù fún bélà, ó kàn wọ́n ni, tó bá sì bàjẹ́ ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fún oko ibí, onípele méjì ti tó èèyàn yangàn.

Katakata Massey Ferguson (MF) 375 tó pọ̀ nílẹ̀ yìí sábà máa ń ní onípele méjì, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ ra katakata. Massey Ferguson 35 àtijọ́ pàápàá, àwọn kan ní in, àwọn kan ò ní in, orúkọ kan náà. Tòkúnbọ̀ tún wá léwu jù, torí mẹkáníìkì tí owó ò tó lọ́wọ́ oníbàárà ẹ̀ lè ti yọ onípele méjì kó fi ẹyọ kan rọ́pò, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Torí náà ẹ dán an wò níbi tí wọ́n ti ń tà á. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n jẹ́ kí PTO máa yí, kí wọ́n fi sí gíà tó lọ́ra jù, kó máa lọ. Kí dírẹ́bà wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìdajì. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jìnnà sí irin yẹn, kí ẹ wò ó. Táyà dúró tí irin ṣì ń yí: ó dáa. Méjèèjì dúró pọ̀: kì í ṣe katakata koríko nìyẹn, kódà kí wọ́n pè é ní 100 họ́ọ̀sì páwà.

A ní kí ẹ jìnnà torí pé 540 nínú ìṣẹ́jú kan, ìgbà 9 nìyẹn nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá mú etí agbádá tàbí jalabíà, kí èèyàn tó sọ pé yéè ó ti wé e mọ́ra. Ike tó bo ṣáàfùtù, ọ̀pá irin tó so PTO mọ́ bélà, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti sọ tiwọn nù, ìyẹn ò dáa rárá.

Lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì, gíà. Tí PTO bá ti ń yí ní 540, ẹsẹ̀ yín ò lè fi iná kún un tàbí dín in kù mọ́, gíà nìkan lẹ lè fi yan eré. Bélà fẹ́ rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 4 sí 8 ní wákàtí kan, ẹ ka iye gíà tó bọ́ sí àárín yẹn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, ẹ máa lọ́ra jù níbi koríko fẹ́lẹ́, ẹ máa sáré jù níbi tó ti pọ̀.

Ìwúwo ńkọ́? Púláù fẹ́ katakata tó wúwo kí táyà má bàa máa yí lásán, ó dáa kó yí lásán ní bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá ti ju ìyẹn lọ dísẹ́ẹ̀lì lẹ kàn ń jó. Wọ́n ń so irin mọ́ ọn níwájú, wọ́n ń bu omi sínú táyà ẹ̀yìn dé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí àsìkò koríko bá dé, ẹ lè tú irin yẹn kúrò, àyàfi tí oko yín bá wà lórí òkè bíi ti Bwari, torí bélà lè ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ó máa ń ti katakata tó fẹ́lẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ẹ kúkú ra bélà tó ń ṣe ìdì róbótó ńlá. Ìdì yẹn lè wọn ju kìlógíráàmù 200 lọ, ta ló máa gbé e? Ẹni tó sin àgbò márùn-ún ní Kubwa fẹ́ ìdì tó máa wọ búùtù ọkọ̀. Ìdì kékeré lọjà ibí ń fẹ́.

Ọyẹ́ àti èérún koríko á máa dí fílítà afẹ́fẹ́ àti rédíétọ̀, ẹ wo bóyá ọwọ́ máa dé ibi tí wọ́n wà láì tú bónẹ́ẹ̀tì palẹ̀, torí ojoojúmọ́ lẹ máa nu ún. Ẹ tún wo ibi tí èéfín ti ń jáde, kó máa lọ sókè, kó má kọjú sí ilẹ̀, koríko gbígbẹ ò mọ eré.

Fún ẹni tó ti ra oníkílọ́ọ̀ṣì kan, kó má tà á. Kó fi gé koríko, kó fi wa á jọ, kó fi túlẹ̀. Tó bá máa so slasher, ẹ̀rọ ọlọ́bẹ tó ń gé koríko, mọ́ ọn, kó ra irin kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹnu PTO tó ń jẹ́ kó yí síbì kan ṣoṣo, torí ọ̀bẹ slasher tó wúwo máa ń yí lọ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó sì lè máa ti katakata síwájú nígbà tí ẹ rò pé ó ti dúró. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ dídì, bélà tó ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wà, katakata kàn máa fà á ni, kílọ́ọ̀ṣì ẹyọ kan yẹn ò ní dí i lọ́wọ́.