Pé fáànù ń yí kò ní kí iná tó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ní travel trailer, ìyẹn ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà kiri. Bí òtútù bá ti mú, tí ẹ̀rọ amúlémóoru onígáàsì kọ̀ tí kò tan, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé: "Fáànù rẹ̀ ń fẹ́ dáadáa, iná ń dé ibẹ̀, bọ́ọ̀dù ló ti kú." Wọ́n á ra bọ́ọ̀dù tuntun, ìyẹn pátákó oníwáyà tó ń darí ẹ̀rọ náà. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, wọ́n á yọ odidi ẹ̀rọ náà jáde kúrò nínú ògiri, wọ́n á tún un ṣe lórí tábìlì, á tan níbẹ̀ láìjiyàn. Wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀, á tún kọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á wá ní ẹ̀rọ náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ń ṣe.

Ìtò iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Thermostat, ìyẹn ohun tó ń wọn ooru inú ilé, á pè é, fáànù á bẹ̀rẹ̀, á fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 láti gbá gáàsì tó bá ṣẹ́kù jáde, lẹ́yìn náà fáàfù gáàsì á ṣí, iná á ta pàrà, ọwọ́ iná á gbà. Bí bọ́ọ̀dù kò bá rí ọwọ́ iná láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá 7, á ti gáàsì pa. Àwọn bọ́ọ̀dù kan á gbìyànjú ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jáwọ́. Gbogbo èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń fò ni ohun tó wà láàárín fáànù àti bọ́ọ̀dù.

Súìṣì kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sail switch. Ó ní ewé irin fẹ́lẹ́ kan tó dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í tó, ewé náà á tẹ̀, súìṣì á pa ojú pọ̀, iná á kọjá. Wọ́n ṣe é kó má ṣe pa ojú pọ̀ títí fáànù yóò fi sún mọ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyára rẹ̀. Òun àti limit switch, tó máa ń ṣí bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, ló tò tẹ̀lé ara wọn lójú wáyà. Àfi kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i kí bọ́ọ̀dù tó gbé gáàsì sílẹ̀. Nítorí náà, bí fáànù bá ń fẹ́ tí ẹ kò gbọ́ kí fáàfù ró kẹ́ẹ́, tí ẹ kò gbọ́ kí iná ta, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀dù tí ẹ ń dá lẹ́jọ́ má tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ewé yẹn kì í ṣe ìnira lásán. Nínú irú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ilé onítáyà, mọ́tọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí àgbá fáànù méjì. Ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ inú ilé gba ara yàrá irin gbígbóná tí ọwọ́ iná ń jó nínú rẹ̀. Èkejì ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé fún ọwọ́ iná, ó sì ń lé èéfín jáde. Bí àkọ́kọ́ bá rọ, èkejì náà á rọ. Ewé irin ń jẹ́rìí sí afẹ́fẹ́ àgbá àkọ́kọ́, kí ìyẹn lè dúró fún ti èkejì tí a kò lè rí.

Ibí gan-an ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n fáànù ń yí!" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń yí. Fáànù oníná bátìrì á yí ní 12 volt, á yí ní 10, á ṣì máa yí ní 8. Ẹ̀rọ wọ̀nyí sì ń fẹ́ ó kéré tán 10.5 volt, kì í ṣe lórí bátìrì o, lẹ́nu ẹ̀rọ gan-an, nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí, tàbí tí wọ́n gbọ́ tí wọ́n sì fò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn iná. Wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á fi mítà sórí bátìrì, á sọ 12.4, wọ́n á ní ó tó. Wáyà kì í jẹ volt kankan nígbà tí iná kò bá gba inú rẹ̀ kọjá. Wáyà tó jẹrà tán, tó ku fọ́nrán méjì, á fi 12.4 hàn yín lẹ́nu ẹ̀rọ bí kò bá sí iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà ló tó sọ òtítọ́. Bí ẹ̀rọ ṣe tóbi sí ni yóò fi mọ ohun tí yóò fà, láti nǹkan bí 3 amp títí dé 10 amp àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ní 8 ni tiyín ń fà. Ẹ jẹ́ ká ní wáyà lọ àti wáyà bọ̀, pẹ̀lú ojú ìsopọ̀ kan tó ti dógùn-ún lábẹ́ ilé níbi tí omi ojú pópó ń ta sí, ní ìdènà 0.15 ohm, tí kò tó nǹkan tí èèyàn ń bínú sí. 8 lọ́nà 0.15 jẹ́ 1.2 volt tí ọ̀nà jẹ. Bí bátìrì bá wà ní 11.8 lábẹ́ iṣẹ́, 10.6 ló kù fún fáànù.

10.6 ṣì fi díẹ̀ ju 10.5 lọ, kí ló wá ṣe tó fi burú? A lè gbà pé ìyára fáànù ń bá volt rìn. 10.6 sí 13.6 tí ṣájà ń mú wá jẹ́ 0.78, díẹ̀ ló fi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ewé ń dúró dè. Ṣùgbọ́n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ewé irin kì í bá ìyára rìn ní ọgbọọgba, ìyára lọ́nà ara rẹ̀ ló ń bá rìn. 0.78 lọ́nà 0.78 kò ju 0.61 lọ. Fáànù dín díẹ̀, ìtì dín ní nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Etí lè má fura sí ìyàtọ̀ yẹn, ọwọ́ tí ẹ nà sẹ́nu ihò afẹ́fẹ́ kò sì lè wọ̀n ọ́n. Ewé irin nìkan ló mọ̀, òun sì kọ́ ni ẹ ń bi léèrè.

Àwọn kan á tún ní, "Iná inú ilé mọ́lẹ̀ kedere." Gílóòbù LED ni wọ́n ń wò. Ohun tó ń fà kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ní ohun inú tó ń mú ìmọ́lẹ̀ dúró sójú kan bí volt tilẹ̀ wálẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí bátìrì bá ń kú lọ ló ṣeé fi jẹ́rìí. LED kò ṣeé pè sí irú ẹjọ́ yìí.

Bí ẹ bá ti gba èyí, àwọn ohun tó dà bí idán á já sí ohun lásán. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ tó kọ̀ ní aago mẹ́rin òru: 8 amp fún ìdajì àkókò láàárín wákàtí 8 jẹ́ 32 amp-wákàtí, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta bátìrì 100, nígbà tí òtútù fúnra rẹ̀ ń dín agbára bátìrì kù. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, bí ewé bá ti kọ̀ báyìí, fáànù kò ní dúró mọ́, á máa fẹ́ òtútù kiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á sì tún máa pa bátìrì lọ. Ẹ̀rọ tó tan lórí tábìlì tó kọ̀ nínú ògiri: lórí tábìlì, ṣájà 13.6 ni wọ́n so mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà tí kò gùn ju apá lọ. Ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, wáyà tuntun ni.

Bọ́ọ̀dù tuntun tó "wo ó sàn" ńkọ́? Ẹni tó pààrọ̀ bọ́ọ̀dù ti fa ìsopọ̀ yọ, ó ti tì í padà, ó ti fi bẹ́ẹ̀ họ ìdógùn-ún rẹ̀ dànù. Ó ṣeé ṣe kó ti so ilé mọ́ iná ìta, tí ṣájà bátìrì fi ń ṣiṣẹ́, kó lè ríran. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tan. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bí òru méjì bá kọjá lórí bátìrì nìkan, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì ń tan.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ so ilé mọ́ iná ìta tàbí ẹ fi ṣájà sórí bátìrì kí ó gun 13 volt kọjá, kí ẹ tún tan ẹ̀rọ. Bí ó bá gbà, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ ṣí mítà sí DC 20, ẹ tan ẹ̀rọ lórí bátìrì nìkan, ẹ jẹ́ kí fáànù yí fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wọn án lórí bátìrì, lẹ́yìn náà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ wọn ni ohun tí ọ̀nà ń jẹ. Ẹ má gbàgbé wáyà òdì: ọwọ́ mítà kan lórí òdì bátìrì, èkejì lórí òdì ẹ̀rọ, fáànù ń yí. Bí ó bá ju ìdajì volt lọ, òdì ló ń jalè, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ irin ọkọ̀. Ẹ họ ọ́, ẹ dè é le.

Bí 11.5 bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí ewé sì ṣì kọ̀, ẹ wá ohun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Irun ajá àti èérún aṣọ máa ń wé mọ́ ewé àti mọ́ àgbá fáànù. Agbọ́n máa ń mọ ilé sínú páìpù afẹ́fẹ́ lára ògiri ìta. Ìdè àgbá fáànù lè tú, kí mọ́tọ̀ máa yí kí àgbá máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀rọ padà sáyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àwọ̀ wáyà, nítorí pé bí ẹ bá pa rere àti òdì dà, mọ́tọ̀ á yí sẹ́yìn. Àgbá tó ń yí sẹ́yìn ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó tó láti tan ọwọ́ jẹ, kò tó láti tẹ ewé. Èyí náà ti mú kí wọ́n ra bọ́ọ̀dù rí.

Kì í ṣe pé bọ́ọ̀dù kì í kú. Omi ń wọ̀ ọ́, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ń jó, àwọn bọ́ọ̀dù kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń tan fáànù, tí ẹjọ́ wọn tún lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí iná bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sail switch nígbà tí fáànù ń yí, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì limit switch, tí bọ́ọ̀dù sì joko fún ìṣẹ́jú kan láìṣí fáàfù láìta iná, ó jọ pé òun ni. Bí iná bá ń ta tí gáàsì kò gbà, ọ̀rọ̀ náà ti yà sí ọ̀nà gáàsì tàbí sí ààyè ẹnu irin tó ń ta iná, tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 3. Bí ó bá gbà tó tún kú lójú ẹsẹ̀, ẹ wo irin yẹn àti áàtì rẹ̀, ìyẹn wáyà òdì rẹ̀.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi wáyà so ẹnu sail switch pọ̀ kí ẹ sì sùn tì í. Á tan, òótọ́ ni. Ọwọ́ iná á sì máa jó láìrí afẹ́fẹ́ tó, nínú yàrá irin tí kò sí ohun tó ń tù ú. Carbon monoxide, gáàsì olóró tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń mú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó sán lára yàrá irin nígbà tí ẹ̀rọ wà níta, ìtúnṣe ti parí nìyẹn, ẹ má jó o pọ̀.

Ní ti ìdápadà, ẹ ti ìgò gáàsì, ẹ yọ fíúsì kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Sípánà méjì ni kí ẹ fi di ẹnu páìpù gáàsì, ọ̀kan ń dì í mú, èkejì ń yí, kí páìpù bàbà má baà lọ́. Ẹnu páìpù tó fẹ̀ bí ẹnu fèrè kì í gba téèpù. Irin lórí irin ló fi ń dí. Omi ọṣẹ ni ẹ ó fi wá jíjò, ẹ má fi iná wá a. Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ wọlé dé ibi tí ìwé ẹ̀rọ ní kó dé, pẹ̀lú ohun tuntun tí wọ́n fi ń dí ẹnu rẹ̀. Èyí tó kúrú ní díẹ̀ á máa da èéfín sínú ilé. Ẹ tẹ alámù carbon monoxide wò, kí ẹ sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí pé ọjọ́ tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ yọ okùn iná ìta, kí ẹ tan ẹ̀rọ lórí bátìrì nìkan, mítà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá gbà ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn tí mítà kò sì wá sábẹ́ 11, ẹ lè dé ìdérí rẹ̀.