Persebaya Surabaya: Ẹgbẹ́ tí Àwọn Ẹgbẹ́ Bí

Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Jawa Pos ra ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún Persebaya, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Surabaya ní Indonéṣíà. Ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ń jẹ́ Koperasi Surya Abadi Persebaya. Kò sí olówó ńlá kankan nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kéékèèké 20 tó wà káàkiri ìlú Surabaya ló ni ín: Assyabaab tí àwọn ọmọ Lárúbáwá ìlú náà dá sílẹ̀, Suryanaga tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Ṣáínà láti ìbẹ̀rẹ̀, Indonesia Muda, àti àwọn mìíràn tí orúkọ wọn kì í jáde nínú ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni Persebaya ti wá. Àwọn ló bí i.

Surabaya ni ìlú èbúté ńlá tó wà ní ìlà-oòrùn erékùṣù Java, ní Indonéṣíà. Àwọn òyìnbó Nẹ́dálándì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà ló gbé bọ́ọ̀lù débẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn pọ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àjọ kan, Soerabajasche Voetbal Bond, SVB. “Bond” yìí ló yẹ ká mọ̀ dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtàn bọ́ọ̀lù Indonéṣíà kò ní yé e. Àjọ àwọn ẹgbẹ́ inú ìlú kan ni bond. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á forúkọ sílẹ̀, wọn á máa bá ara wọn díje láàárín ìlú. Àwọn aṣàyàn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọn á mú asọ́lé níhìn-ín, wọn á mú agbábọ́ọ̀lù iwájú lọ́hùn-ún, wọn á kó wọn pọ̀, wọn á wọ aṣọ ìlú fún wọn, wọn á sì lọ kojú ìlú mìíràn. Bí ìdíje bá parí, kálukú á padà sí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ló ni agbábọ́ọ̀lù, bond ló ni aṣọ.

SVB jẹ́ ti òyìnbó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1927, Paidjo àti M. Pamoedji dá tiwọn sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀, wọ́n pè é ní Soerabaiasche Indonesische Voetbal Bond, SIVB. Èdè Nẹ́dálándì ni wọ́n fi sọ orúkọ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó wúwo: Indonesische. Nígbà yẹn, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Indonéṣíà lórí máàpù ayé. Ìbúra àwọn ọ̀dọ́ ní Jakarta pé ilẹ̀ kan, ènìyàn kan, èdè kan ni àwọn, oṣù kẹwàá ọdún 1928 ló wáyé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Surabaya ti fi orúkọ náà sára ẹgbẹ́ wọn ní ọdún kan ó lé kí ìbúra náà tó wáyé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1930, bond méje pàdé ní Yogyakarta: láti Jakarta, Bandung, Yogyakarta, Solo, Magelang, Madiun àti Surabaya. Wọ́n dá PSSI sílẹ̀, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Indonéṣíà títí di òní, wọ́n sì fi ẹnjiníà Soeratin Sosrosoegondo ṣe alága. SIVB jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méje tó bí PSSI. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí ọmọ yìí kan náà ló padà wá sọ pé òun kò mọ ìyá òun.

Bond méjì nínú ìlú kan kò lè ṣàì fa wàhálà. Ní 1932, SVB gba ìdíje àwọn ìlú lálejò, wọ́n sì ti àwọn oníròyìn tí kì í ṣe òyìnbó sẹ́yìn. Liem Koen Hian, olóòtú ìwé ìròyìn Sin Tit Po, ké sí ará ìlú pé kí wọ́n pa pápá náà tì, SIVB sì dúró tì í. Ní 1938, nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ àmúsìn náà lọ sí Ife Àgbáyé ní Faransé, àjọ òyìnbó ló kó o lọ, PSSI kò sí níbẹ̀. Achmad Nawir, ọmọ ilẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ HBS ní Surabaya, ni balógun. Ó wọ awò ojú rẹ̀ wọ pápá ní Reims lọ́jọ́ tí Hungary gbá wọn ní 6 sí 0.

Ogun ló fòpin sí bond méjì. Àwọn ará Jàpáànì gba Java ní 1942. Nígbà tó di 1943, orúkọ òyìnbó ti kúrò lára SIVB, ó di Persibaja: Persatuan Sepakbola Indonesia Soerabaja. Persatuan ni ìṣọ̀kan, sepakbola ni bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti rí Persib, Persija àti Persipura rí, tí ó ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Pers”, ìdí rẹ̀ nìyí. Bond ni gbogbo wọn, èdè ni wọ́n pa dà. SVB túká nígbà tó yá. Lẹ́yìn òmìnira, Persibaja gba ife ìdíje àwọn ìlú ní 1951 àti 1952 léra léra. Ní 1960 ni orúkọ náà di Persebaya.

Ogun 1945 kò kúrò lára ẹgbẹ́ náà rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ará Surabaya kojú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ìjà tó le jù nínú ìjàǹgbara òmìnira wọn. Gelora 10 November ni orúkọ pápá ìṣeré tí Persebaya lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àdúgbò Tambaksari. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, Gelora Bung Tomo, orúkọ ọkùnrin tó ń fi rédíò ru ará ìlú sókè nígbà ìjà náà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìdíje àwọn bond, Perserikatan, kì í ṣe iṣẹ́ owó oṣù. Ìjọba ìlú ló ń fún ẹgbẹ́ lówó, olórí ìlú ló sì sábà máa ń jẹ́ alága. Líìgì àwọn ilé-iṣẹ́, Galatama, bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1979. Surabaya ní ẹgbẹ́ nínú èyí náà, Niac Mitra. Àwọn olólùfẹ́ Arsenal lè má mọ̀ pé Niac Mitra yìí lu ẹgbẹ́ wọn ní 2 sí 0 ní Tambaksari ní oṣù kẹfà 1983, Fandi Ahmad ọmọ Singapore gbá ọ̀kan wọlé, Joko Malis gbá èkejì. Síbẹ̀, bí owó ṣe wà lọ́wọ́ Niac Mitra tó, Persebaya ló ni ọkàn ìlú. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ní olówó kan. Persebaya ní àdúgbò gbogbo.

Persebaya gba Perserikatan ní 1978, wọ́n na Persija ní 4 sí 3 ní àṣekágbá. Ní 1987, PSIS Semarang lù wọ́n ní àṣekágbá pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n fi gbẹ̀san ni àbàwọ́n tó tóbi jù nínú ìtàn wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1988, Persebaya ti yege sí ìpele tó kàn. Ìjà fún ààyè tó kù wà láàárín PSIS àti Persipura ti Papua. Persebaya gbàlejò Persipura ní Tambaksari, wọ́n kó àwọn ìgbákejì sórí pápá, wọ́n sì jẹ́ kí Persipura gbá àwọn ní 12 sí 0. PSIS jáde. “Bọ́ọ̀lù erin” ni ará Indonéṣíà ń pe irú ayò bẹ́ẹ̀ títí di òní, nítorí àwọn erin tí wọ́n máa ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Sumatra. Ìlànà ìdíje ló ṣílẹ̀kùn fún un: ẹgbẹ́ tó ti yege kò ní ohun tí yóò pàdánù mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Persebaya lu Persija ní 3 sí 2, wọ́n gba ife. Ife náà wà nínú ìwé ìtàn, 12 sí 0 náà wà níbẹ̀.

Àsìkò yìí kan náà ni Jawa Pos bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ọkọ̀ fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ láti rìn lọ sí Jakarta, tí wọ́n ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé rẹpẹtẹ. Láti inú ìyẹn ni orúkọ Bonek ti wá: bondo nekat. Lédè Jáfà, bondo ni owó ọwọ́, nekat ni àyà láìbìkítà. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ àfi àyà. Wọ́n ń gun ọkọ̀ ojú irin láìsan owó, ìjà sì bá a lọ. Ọ̀tá wọn jù ni Arema ti Malang, ìlú tí kò jìnnà sí wọn. Ìbínú yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n gba Bonek láyè ní Kanjuruhan, pápá Arema, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2022. Persebaya borí ní 3 sí 2, àwọn kan nínú àwọn ará Malang wọ pápá, ọlọ́pàá yìnbọn tajútajú, títí kan apá ibi tí èrò jókòó sí, èrò sì rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà tóóró tí kò gbà wọ́n. Ènìyàn 135 ló kú. Olólùfẹ́ Arema ló pọ̀ jù nínú wọn, Bonek sì ṣọ̀fọ̀ wọn.

Ní 1994, PSSI da Perserikatan àti Galatama pọ̀ di líìgì kan. Rusdy Bahalwan ló kọ́ ẹgbẹ́ tó gba líìgì 1996 sí 1997, Aji Santoso ni balógun, Jacksen Tiago ọmọ Bùràsílì sì gbá góòlù 26. Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni Eri Irianto wà, agbábọ́ọ̀lù àárín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí òkò. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2000, nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú PSIM Yogyakarta ní Tambaksari, ara rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Persebaya kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà 19 mọ́. Ilé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé ní Karanggayam, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, orúkọ Eri ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 2004, Jacksen padà wá gba líìgì gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, iye àmì kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú PSM Makassar, góòlù ló yà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dà rú. Ní 2005 wọ́n kọ̀ láti parí ìdíje ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn, wọ́n dá wọn padà sí ìpele ìsàlẹ̀. Kí 2010 tó dé, òfin ti ń fún owó ìjọba ìlú mọ́ ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó di dandan kí kálukú di ilé-iṣẹ́ kó sì wá owó tirẹ̀. Ní 2010, ayò kan pẹ̀lú Persik Kediri tí ọlọ́pàá kò fọwọ́ sí ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn títí wọ́n fi gbé e lọ sí Palembang. Persebaya kọ̀, wọ́n ka ayò náà sí ìpàdánù, ẹgbẹ́ sì já bọ́. Àwọn alákòóso fìbínú lọ sínú líìgì ọlọ̀tẹ̀ kan, wọ́n ń jẹ́ Persebaya 1927. Àwọn mìíràn mú ẹgbẹ́ Persikubar láti Kutai Barat ní Kalimantan, wọ́n gbé e wá sí Surabaya, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ ewé fún un, wọ́n pè é ní Persebaya. PSSI gba èyí wọlé. Nígbà tí wọ́n da àwọn líìgì pọ̀ ní 2013, wọ́n ti ọmọ 1927 síta.

Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ì bá ti kú níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ kékeré kò kúrò lẹ́yìn PT Persebaya Indonesia, ilé-iṣẹ́ tó ni ọmọ 1927, Bonek kò sì tẹ̀ lé ayédèrú lọ sí pápá. Ọ̀rọ̀ orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ dé iwájú òfin, PT Persebaya Indonesia ló jàre. Ẹgbẹ́ kejì yí orúkọ pa dà léraléra, Bonek FC, Surabaya United, kó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tó sì di Bhayangkara. Ní oṣù kẹjọ 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Bonek rìnrìn àjò lọ sí Jakarta láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2017, ìpàdé PSSI ní Bandung dá Persebaya padà, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kejì.

Bhayangkara ló gba ife ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, ní Bandung kan náà, Persebaya kojú PSMS Medan ní àṣekágbá ìpele kejì. Àkókò tó yẹ pé láìsí ẹni tó borí, wọ́n fi kún un, ó sì parí sí 3 sí 2 fún Persebaya.